Tẹ́tẹ́ Tí Ẹ Kò Ta

   

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi. Orí ímeèlì ló gbà wọlé, mo sì ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí n lè kà á dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ńlá, lẹ́tà gàdàgbà gadagba, àmì ìyanu mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fẹ́ fi kà á fún yín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Sí ẹni tó ni ímeèlì yìí. A kí yín kú oríire. Inú wa dùn láti fi tó yín létí pé àdírẹ́sì ímeèlì yín ti jẹ tẹ́tẹ́ ńlá ilẹ̀ Sípéènì, ẹ sì ti di ẹni tó ni 600,000 yúrò. Kọ̀ǹpútà ló ṣa àdírẹ́sì yín láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù káàkiri ayé. Ẹ kọ orúkọ yín, ọjọ́ orí yín, iṣẹ́ yín, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà báǹkì yín ránṣẹ́ sí aṣojú wa. Nítorí ààbò, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni títí owó náà yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́."

Ọmọ tó ń bá mi ṣètò ohùn nínú yàrá yìí ti fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Bẹ́ẹ̀ lánàá, nígbà tí mo kà á fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ó lè jẹ́ òótọ́?" Agbádá ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún irọ́ yìí. Ẹ bọ́ agbádá yẹn lọ́rùn rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò wọ ṣòkòtò.

Àdírẹ́sì ímeèlì ló jẹ tẹ́tẹ́! Ṣé ojúlé 14 ní àdúgbò yín lè dìde kó lọ ra iṣu lọ́jà Bódìjà? Ènìyàn ní í ta tẹ́tẹ́, ènìyàn náà ní í jẹ ẹ́. Ẹni tí kò ta, kí ló fẹ́ jẹ?

Ohun tó ń jẹ́ kí irọ́ yìí wọ ènìyàn létí ni pé wọ́n fi òótọ́ díẹ̀ lú u. Tẹ́tẹ́ ilẹ̀ Sípéènì wà lóòótọ́. Láti ọdún 1812 ni wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ Kérésìmesì níbẹ̀, ẹ̀bùn rẹ̀ tó ga jù lọ ni wọ́n sì ń pè ní El Gordo, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Sísanra. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, ní ìlú Madrid, àwọn ọmọ ilé-ìwé San Ildefonso ló máa ń fi orin pe nọ́ńbà tó bá jáde. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tíkẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ 20 yúrò, bí El Gordo bá sì bọ́ sórí nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó rà á yóò jẹ 400,000 yúrò. Nọ́ńbà ara tíkẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ. Ímeèlì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

National Lottery ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́kọ́ fà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994, kò yàtọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní 180 ọjọ́ láti mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá. Bí owó ńlá bá wà nílẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò yọjú, àdúgbò tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n máa ń kéde, kí oníkálukú lọ yẹ àpò rẹ̀ wò. Bí ọjọ́ bá pé tí kò wá, owó náà di ti iṣẹ́ àánú. Wọn kì í wá ẹni tí kò ra nǹkan kan lọ sí Òṣogbo. Ní ti Microsoft, tí àwọn oníjìbìtì tún máa ń lo orúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ síta pé òun kò ní tẹ́tẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tẹ́tẹ́ Baba Ìjẹ̀bú, mi ò bá yín wí lónìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Nọ́ńbà 5 nínú 90. Bí nọ́ńbà yín bá jáde, ẹ̀yin lẹ máa mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ bá ẹni tó tà á fún yín lábẹ́ agboòrùn. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọ rí pé ẹni tó jẹ Baba Ìjẹ̀bú kọ́kọ́ san owó kí wọ́n tó san tirẹ̀ fún un? Ẹni tó bá dán an wò, wọn á fọ́ agboòrùn yẹn mọ́ ọn lórí.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣeé ṣe lábẹ́ agboòrùn yẹn gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ímeèlì. Bí ẹ bá ti dá lẹ́tà yẹn lóhùn, aṣojú á kọ̀wé padà, á bọ̀wọ̀ fún yín bí ẹni ń kí ọba. Á fi ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ ránṣẹ́, á fi àwòrán ìwé ìrìnnà tirẹ̀ kún un. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, owó fáìlì. Ẹ san án tán, owó ìdójútòfò. Ẹ san ìyẹn náà tán, wọ́n ní ìjọba fẹ́ ìwé tó fi hàn pé owó náà kì í ṣe ti oògùn olóró tàbí ti àwọn agbésùnmọ̀mí. Owó kékeré ni lójú owó ńlá tó ń bọ̀: kí ni 50,000 náírà lára 600,000 yúrò? Bí ẹ bá sì ti san ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta á rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tó bá dáwọ́ dúró ti gbà pé ti àtẹ̀yìnwá ṣòfò nìyẹn. Ta ló fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀?

Wọ́n tún máa ń béèrè owó orí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn tó kàwé. Ẹni tó mọ̀ nípa ìjọba mọ̀ pé owó orí wà, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ní kó san owó orí lórí ohun tó jẹ, ó máa ń bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀. Ó dáa. Ní Sípéènì, ìjọba ń gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá lé ní 40,000 yúrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú owó tẹ́tẹ́ náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí wọ́n tó san ìyókù fún ẹni tó jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gba owó orí kankan lórí ohun tí ènìyàn jẹ nínú tẹ́tẹ́. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ kì í kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Àwọn kan ti sọ fún àwọn oníjìbìtì yìí rí pé, "Ẹ yọ tiyín nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́." Èsì tó máa ń wá ni pé òfin kò gbà kí àwọn fọwọ́ kan owó yín. Ẹ ò rí i bí olè ṣe mọ òfin!

Ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ́ kí owó gbà náà ń sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Láyé ọjọ́un, Western Union ni, torí tí ẹnì kan bá ti gba owó náà lójú fèrèsé, ó parí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ yẹn gbà láti san 586 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tó jẹ́wọ́ pé òun kò dá àwọn oníjìbìtì tó ń lo òun dúró bó ṣe yẹ, àwọn kan nínú àwọn aṣojú rẹ̀ sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Lóde òní, káàdì ẹ̀bùn ilé ìtajà, Bitcoin, tàbí àsùnwọ̀n ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ kò jọ ti ilé iṣẹ́ kankan ni wọ́n ń béèrè. Tẹ́tẹ́ ìjọba Sípéènì, àmọ́ àsùnwọ̀n ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìkòròdú ni kí ẹ san owó sí!

Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, tiyín máa ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á fi ìwé sọ̀wédowó ránṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ ó mú un lọ sí báǹkì, ẹ ó rí owó náà nínú àsùnwọ̀n yín, inú yín á dùn. Wọ́n á ní kí ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ san owó ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni báǹkì á rí i pé ayédèrú ni ìwé náà, wọ́n á yọ gbogbo owó yẹn padà, èyí tí ẹ ti fi ránṣẹ́ á sì di gbèsè sí yín lọ́rùn. Pé owó hàn nínú àsùnwọ̀n kò túmọ̀ sí pé ó ti wọlé.

Ẹnì kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, bí àwọn wọ̀nyí bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí lẹ́tà wọn fi kún fún àṣìṣe báyìí? Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 2012, Cormac Herley, onímọ̀ kan ní Microsoft, kọ ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé fífi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wọn ní nǹkan kan. Ohun tó ń ná wọn ni àkókò tí wọ́n ń lò lórí ẹni tó bá dáhùn. Nítorí náà wọn kò fẹ́ kí ẹni tó máa fura lọ́jọ́ kẹwàá dáhùn rárá. Lẹ́tà burúkú yẹn, ajọ̀ ni. Ó ń jọ àwọn tó fura dànù, kí àwọn tó máa san owó ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́tà náà, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé àwọn òmùgọ̀ nìkan ni wọ́n ń wá o. Ní ọdún 2014, ọmọkùnrin kan láti Jàmáíkà pe bàbá àgbàlagbà kan lórí fóònù ní Amẹ́ríkà, ó ní ó jẹ 72 mílíọ̀nù dọ́là àti ọkọ̀ Mercedes-Benz, kó kàn kọ́kọ́ san 50,000 dọ́là. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni bàbá náà. Orúkọ rẹ̀ ni William Webster. Òun ló ṣe olórí àjọ FBI láti 1978 dé 1987, òun náà ló tún ṣe olórí àjọ CIA títí di 1991! Nígbà tí bàbá kò san owó, ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikú halẹ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní òun á dáná sun ilé wọn. Tọkọtaya náà pe FBI, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 71, oṣù kan péré ló fi dín ní ọdún mẹ́fà. Ohun tó yẹ ká kíyè sí níbẹ̀ ni pé ọmọkùnrin náà kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ orí ló ń wá. Arúgbó tó dá wà nílé, tó sì ní owó ìfẹ̀yìntì nípamọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn: "Ṣebí àwọn ọmọ wa náà ló ń kọ ọ́?" Ẹ kò purọ́. Abala 419 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa ni gbogbo ayé fi ń pe iṣẹ́ yìí, ìtìjú ni. Òfin ọdún 2006 sì sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, láìsí ààyè owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé òyìnbó nìkan ni wọ́n ń jẹ, kó rántí bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń sunkún ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 nígbà tí MMM, ètò tó ń gba owó àwọn ènìyàn, ti ilẹ̀kùn. Kó rántí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé fóònù yín jẹ ẹ̀bùn, ẹ kàn fi káàdì ìpè ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí gbólóhùn kan nínú ìwé ọwọ́ mi yìí, òun ló gbé mi wá sí sítúdíò lónìí: "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àwa Yorùbá, ta ló tún kù láti kọ́ wa bí a ṣe ń pa oríire mọ́? A kì í fi oyún oṣù méjì han ayé. Ẹni tó gba físà kì í sọ, àfi kí àwọn ará ilé kàn gbọ́ pé ó ti dé Kánádà. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ayé ń gbọ́, ká máa fi ẹnu mẹ́nu. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó bá ka "ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni", ó lè fura. Nígbà tí àwa bá kà á, ó dà bí ohùn ìyá wa. Oníjìbìtì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o, ó kàn kọ ọ́ ni. Àṣà wa ló bá a parí iṣẹ́.

Bàbá kan wà tó kọ́ mi ní ìṣirò nílé-ìwé. Ìṣirò o! Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí mo fi máa gbọ́, ó ti san án ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ìyàwó rẹ̀ ń tajà, àwọn méjèèjì ìbá ti dá a dúró láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Màmá?" Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní kí n má sọ." Àwọn ayé ló rò pé òun ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún. Ọmọ rẹ̀ ló fi í pamọ́ fún.

Ọgbọ́n "ẹ má sọ" yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn àgbà tó mọ Dúgbẹ̀ àti Ìdúmọ̀tà láyé àtijọ́ mọ àwọn gbájúẹ̀ tó máa ń ju àpò owó sílẹ̀ níwájú ènìyàn. Ọ̀kan á he é, á fojú pè yín sí ẹ̀bá ògiri, á ní, "Ẹ má pariwo, ẹ jẹ́ ká pín in." Ìwé gígé ló kún inú àpò yẹn. Owó ọjà tiyín ni wọ́n máa gbà dání, kí ẹ má baà sá lọ pẹ̀lú tiwọn. Ẹni tó bá pariwo nìkan ló ń bọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo ní fún yín kò pọ̀. Bí irú lẹ́tà yìí bá wọlé, ẹ má dá a lóhùn, kódà láti bú wọn, torí èsì ló ń sọ fún wọn pé ènìyàn wà lẹ́yìn ímeèlì náà. Ẹ má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí yín nìkan ni kí ẹ fi ìka tẹ̀, kí àdírẹ́sì rẹ̀ lè yọ síta: bí ó bá jẹ́ pé Gmail ni báǹkì tàbí ìjọba Sípéènì ń lò, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. BVN yín, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín, nọ́ńbà OTP tó bá wọ fóònù yín, kò sí ẹ̀bùn láyé tó nílò wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ ka lẹ́tà náà sókè fún un ní Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó ńkọ́? Báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, wákàtí yẹn gan-an, kí ẹ tó sunkún. Lẹ́yìn náà, EFCC, ọ́fíìsì wọn wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Èkó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà 159 á so yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ báǹkì. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC àti ẹ̀ka IC3 ti FBI ló ń gba ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá pè yín ní oṣù mẹ́ta sí i, tó ní àwọn ti mú olè náà, kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n lè dá owó yín padà. Olè kan náà ni, tàbí ẹni tó ra orúkọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń ta orúkọ àwọn tó ti san owó rí fún ara wọn, bí ẹni ń ta ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù mí kù, ẹ̀yin ọmọ ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, ẹ̀yin tí òbí yín ń lo fóònù. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá pè yín lálẹ́ kan, tí wọ́n ní ìwé kan dé láti Sípéènì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bú wọn. Ẹ jókòó, ẹ bá wọn kà á. Bí ẹ bá bú wọn lórí èyí, lẹ́tà tó tún máa dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dé etí yín.